Ìdí Tí Àwọn Kan Fi Ń Dìbò ní Amẹ́ríkà, Tí Àwọn Kan Ò Sì Yà Síbẹ̀

Nínú ìdìbò ààrẹ ọdún 2024 ní Amẹ́ríkà, ìbò Donald Trump lé ní mílíọ̀nù 77, ti Kamala Harris sì tó mílíọ̀nù 75. Àwọn kan wà tí wọ́n pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì lọ: àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò àmọ́ tí wọn ò dì í. Wọ́n lé ní mílíọ̀nù 85. Ẹ má sì rò pé ọdún tí èrò ò jáde ni o. Nínú 100 èèyàn tó lẹ́tọ̀ọ́, bíi 64 ló dìbò lọ́dún náà, ó sì wà lára ìdìbò tí èrò tíì jáde sí jù láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ti 2020 ló jù ú lọ, tó tó 66, irú ẹ̀ ò sì ṣẹlẹ̀ mọ́ láti ọdún 1900.

Tí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀ láàárín wa, àlàyé méjì ló máa ń yá wa lẹ́nu. Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ni àwọn ará ibẹ̀, ayé ti dẹ̀ wọ́n lọ́rùn jù. Àwọn mìíràn á ní wọ́n ti mọ̀ pé àwọn olówó ti pín in láàárín ara wọn kí ọjọ́ ìdìbò tó pé. Mi ò gba ìkankan nínú méjèèjì. Bí mo ṣe rí i, ibi téèyàn ń gbé àti àwọn tó yí i ká ló sábà máa ń sọ bóyá á dìbò, ju ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nípa òṣèlú lọ.

Orúkọ ẹ gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀

Ibi tó ti máa ń rú àwa tá a dàgbà sí Nàìjíríà lójú jù ni ti ìforúkọsílẹ̀. Kò sí INEC ní Amẹ́ríkà. Kò sí àjọ kan tó ń darí ìdìbò jákèjádò orílẹ̀-èdè, tí yóò dá ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ kan náà fún gbogbo ayé. Ìpínlẹ̀ 50 ló wà, kálukú ló ń ṣe òfin tirẹ̀, àwọn káúntì abẹ́ ìpínlẹ̀ ló sì sábà máa ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ọrùn aráàlú fúnra ẹ̀ ni ẹrù ìforúkọsílẹ̀ wà. Tó bá kó kúrò nílé kan lọ sí òmíràn, ó ní láti lọ tún àdírẹ́sì ṣe. Ẹni tó ń háyà ilé, tí owó ilé ń lé kiri, ló ń jẹ ìyà èyí jù, ọ̀dọ́ sì ni ọ̀pọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì, wọn ò sì forúkọ sílẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n ń gbé ní Minneapolis, ní ìpínlẹ̀ Minnesota. Àbúrò ń gbé ní Houston, ní Texas. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdìbò wáyé kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ wọ́n lára. Ẹ̀gbọ́n ò níṣòro. Lọ́jọ́ ìdìbò gan-an, á mú ìwé tó fi ilé tó ń gbé hàn dání lọ sí ibùdó, wọ́n á forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, á dìbò. Bí kò bá tiẹ̀ ní ìwé kankan, aládùúgbò tó ti forúkọ sílẹ̀ ládùúgbò ìdìbò kan náà lè bá a búra pé òótọ́ ni, ibẹ̀ ló ń gbé. Ti àbúrò ti bọ́ sórí. Òfin Texas ní kí orúkọ ti wà nílẹ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú, kò sì sí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì téèyàn kàn lè wọ̀ láti forúkọ sílẹ̀, àfi tó bá ń tún láísẹ́nsì ọkọ̀ rẹ̀ gbà. Ìtara kan náà, ọmọ ìyá kan náà, ọ̀kan dìbò, èkejì ò dìbò. Tí àwọn oníròyìn bá sì wá ka iye èèyàn lẹ́yìn ìdìbò, àárín àwọn tí "kò bìkítà" ni wọ́n á ka àbúrò sí.

Lọ́dún 2020, nínú 100 èèyàn tó lẹ́tọ̀ọ́ ní Minnesota, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80 tó dìbò. Ní Texas, nǹkan bí 60 ni. Èmi ò sọ pé òfin nìkan ló fà á; ọjọ́ orí, owó àti ìwé kíkà náà ní ọwọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ọmọ Minnesota ò bọ̀wọ̀ fún ìjọba ju ọmọ Texas lọ débi tí ìyàtọ̀ á fi tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan tún rọ̀ ọ́ jù báyìí lọ. North Dakota ò ní ìforúkọsílẹ̀ kankan rárá. Kéèyàn ṣáà mú ìdánimọ̀ rẹ̀ wá. Oregon ló kọ́kọ́ ṣòfin, lọ́dún 2015, pé ẹni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ tó wá ṣe láísẹ́nsì ọkọ̀, kí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé olùdìbò láìjẹ́ pé ó tọrọ rẹ̀, àfi tó bá sọ pé òun ò fẹ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1993 ò lọ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìyẹn pa láṣẹ fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìpínlẹ̀ ni pé kí ọ́fíìsì láísẹ́nsì bi aráàlú bóyá ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ìbéèrè yẹn ti kó àwọn ará wa kan sí wàhálà, màá sì dé orí ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ iṣẹ́

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá ni wọ́n ń dìbò. Ọdún 1845 ni wọ́n fi òfin gbé e kalẹ̀, nígbà tí àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nílẹ̀ náà. Ìsìn ni ti ọjọ́ Àìkú, ọjọ́rú ni ọjà ní ibi púpọ̀, ẹṣin sì lèèyàn ń gùn lọ sí ìlú tí wọ́n ti ń dìbò, ìrìn náà sì lè gba odidi ọjọ́ kan. Àwọn àgbẹ̀ ti dín kù tipẹ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ò yẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi fún gbogbo orílẹ̀-èdè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ kan fi ṣe ìsinmi. Ní Ọsirélíà, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń dìbò, owó ìtanràn sì wà fún ẹni tí kò bá wá; nínú 100, nǹkan bí 90 ló ń yọjú.

Ẹ ro nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní aago méje àárọ̀, tó parí ní aago méje alẹ́, tó tún ní láti gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni tó ń bá a tọ́jú rẹ̀. Bóyá á dìbò tàbí kò ní dìbò rọ̀ mọ́ ohun kan: ṣé ìpínlẹ̀ tó ń gbé fàyè gba ìdìbò ṣáájú ọjọ́, tàbí ìdìbò nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́? Ní Oregon, láti bí ọdún 2000, ìwé ìdìbò ló ń wá bá gbogbo olùdìbò nílé. Ẹni náà á jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ, á kà á dáadáa, á sì dá a padà nígbà tó bá ráyè. Ní Georgia ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí ìdìbò ṣáájú ọjọ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn kan tò lórí ìlà fún ohun tó ju wákàtí mẹ́jọ lọ. Ìlà yìí kì í sì í gùn bákan náà níbi gbogbo. Ìwádìí kan tí wọ́n fi ìrìn fóònù àwọn èèyàn ṣe lórí ìdìbò 2016 fi hàn pé, lápapọ̀, ará àdúgbò tó jẹ́ kìkì aláwọ̀ dúdú dúró lórí ìlà fún àkókò tó fi ìdá 29 nínú 100 gùn ju ti àdúgbò tí kò ní aláwọ̀ dúdú kankan lọ.

Ìdènà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé kalẹ̀

Kò yẹ ká sọ̀rọ̀ ìlà kí á má sọ ibi tó ti wá. Àtúnṣe òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 1870 ti sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ tìtorí àwọ̀ du ẹnikẹ́ni ní ìbò. Àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Wọ́n ní kéèyàn san owó orí kó tó dìbò. Wọ́n ní kó ka ìwé, kó sì túmọ̀ òfin ìpínlẹ̀ kí òṣìṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ fúnra ẹ̀ tó sọ bóyá ó gbà á tàbí kò gbà á. Aláwọ̀ funfun tí kò mọ̀wé á yege, olùkọ́ aláwọ̀ dúdú á fìdí rẹmi. Ẹni tó bá sì tẹnu mọ́ ọn, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tàbí kí wọ́n dáná sun ilé ẹ̀. Ní Mississippi, ní ọdún 1964, nínú 100 aláwọ̀ dúdú tó tó dìbò, kò tó méje tí orúkọ wọn wà nínú ìwé.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹta ọdún 1965, àwọn ọlọ́pàá fi kóńdó àti tajútajú kọ lu àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn nítorí ẹ̀tọ́ ìdìbò lórí afárá Edmund Pettus ní Selma, Alabama. John Lewis, tó padà di ọmọ ilé aṣòfin, wà lára àwọn tí wọ́n fọ́ lórí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ìdìbò jáde lọ́dún yẹn kan náà. Nígbà tó fi máa di 1967, ìdá méje ti Mississippi yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọgọ́ta. Ẹ wò ó: ọdún mẹ́ta péré. Àwọn èèyàn yẹn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìfẹ́ òṣèlú láàárín ọdún mẹ́ta. Wọ́n kàn ṣílẹ̀kùn fún wọn ni.

Lọ́dún 2013, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ mú eyín kan kúrò lẹ́nu òfin yẹn. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ tí ìtàn wọn ò dáa gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ kí wọ́n tó yí òfin ìdìbò wọn padà. Lẹ́yìn ìdájọ́ náà, wọn ò nílò rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà ni awuyewuye ti ń lọ lórí irú ìdánimọ̀ tí èèyàn á mú wá. Texas gba ìwé àṣẹ ìbọn gẹ́gẹ́ bí ìdánimọ̀ níbùdó ìdìbò, kò gba káàdì yunifásítì. Georgia ṣòfin lọ́dún 2021 tó sọ pípín omi àti oúnjẹ fún àwọn tó tò nítòsí ibùdó ìdìbò di ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn tó ṣòfin náà ní wọn ò fẹ́ kí olóṣèlú fi omi tan olùdìbò. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ti dúró fún wákàtí mẹ́fà mọ ohun tó ń gbẹ òun lọ́fun.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú ìtàn yìí ni pé ó ń lé àwọn kan kúrò nídìí ìbò, ó sì ń lé àwọn mìíràn jáde láti lọ dìbò. Ọ̀pọ̀ àgbà aláwọ̀ dúdú ní gúúsù Amẹ́ríkà ni kò lè gbọ́ ọ sétí pé ọmọ òun ò dìbò, nítorí wọ́n mọ ohun tí wọ́n fi rà á. Àwọn ìjọ wọn a máa gbé èèyàn sínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, lọ dìbò ṣáájú ọjọ́. Ẹni tó bá rò pé òun ò lọ lónìí, báwo ló ṣe fẹ́ jókòó sínú ìjọ kí bọ́ọ̀sì máa lọ lójú ẹ̀?

Àwọn kan sì wà tí ọ̀rọ̀ ò tiẹ̀ kàn bóyá wọ́n fẹ́ tàbí wọn ò fẹ́. Ẹni tó bá ṣẹ̀wọ̀n fún ọ̀ràn ńlá, ìpínlẹ̀ tó ń gbé ló ń sọ ìgbà tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ á padà. Ní Maine àti Vermont, inú ẹ̀wọ̀n gan-an ni wọ́n ti ń dìbò. Ní Florida, àwọn aráàlú dìbò lọ́dún 2018 pé kí wọ́n dá ẹ̀tọ́ padà fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ti parí ìyà wọn. Ìdá 64 àti díẹ̀ nínú 100 ló gbà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn aṣòfin ní ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san gbogbo owó ìtanràn àti owó ilé ẹjọ́ tó jẹ. Ọ̀pọ̀ ò sì mọ iye tí wọ́n jẹ, nítorí kò sí ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sí. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù kí wọ́n má tún mú òun, ṣé á lọ dán an wò?

Ṣé ìbò mi á já mọ́ nǹkan kan?

Ibi tí mo ti gbà pé aráàlú lẹ́jọ́ rò nìyí. Kì í ṣe iye ìbò lápapọ̀ ló ń sọ ẹni di ààrẹ. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní iye aṣojú nínú ohun tí wọ́n ń pè ní Electoral College. 538 ni gbogbo wọn, ẹni tó bá ní 270 ló wọlé. Ẹni tó bá fi ìbò kan ṣoṣo borí nínú ìpínlẹ̀ ló ń kó gbogbo aṣojú ibẹ̀ lọ, àyàfi Maine àti Nebraska tí wọ́n ń pín in. Ìdí nìyẹn tí Hillary Clinton fi ní ìbò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi mílíọ̀nù mẹ́ta ju ti Trump lọ lọ́dún 2016, tó sì fìdí rẹmi.

Ẹ gbọ́ èyí. Lọ́dún 2020, ìpínlẹ̀ tí Trump ti ní ìbò tó pọ̀ jù ni California. Ó ní mílíọ̀nù mẹ́fà níbẹ̀, ó ju iye tó ní ní Texas lọ. Aṣojú mélòó ni mílíọ̀nù mẹ́fà yẹn fún un? Kò sí ẹyọ kan. Ẹni tó fẹ́ràn Trump ní Los Angeles mọ èyí, ẹni tó fẹ́ràn Biden ní abúlé kan ní Wyoming náà mọ̀ ọ́n. Lọ́dún yẹn kan náà, ìbò bí ẹgbẹ̀rún 43 péré, tá a bá pa ti Arizona, Georgia àti Wisconsin pọ̀, ló wà láàárín Biden àti ìdọ́gba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi mílíọ̀nù méje ju Trump lọ lápapọ̀. Nítorí náà, ní Pennsylvania, fóònù olùdìbò á máa dún ṣáá, wọ́n á kan ilẹ̀kùn ẹ̀ títí á fi sú u. Ní Wyoming, kò sẹ́ni tó ń wá olùdìbò wá.

Ìbò kan ṣoṣo kì í sábà pinnu nǹkan, a ò lè parọ́ níbẹ̀. Àmọ́ kò sọ pé kò ṣeé ṣe. Ní Florida lọ́dún 2000, ìbò 537 ló gbé George W. Bush dé ipò ààrẹ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Virginia. Lọ́dún 2017, David Yancey àti Shelly Simonds du ìjókòó kan nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n tún ìbò kà tí ilé ẹjọ́ sì dá sí i, ìbò 11,608 ni kálukú wọn ní. Òfin Virginia ní kí wọ́n ṣẹ́ gègé. Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2018, lójú gbogbo ayé, wọ́n kọ orúkọ àwọn méjèèjì, wọ́n ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ inú ike kékeré tí wọ́n ń kó fíìmù kámẹ́rà sí, wọ́n jù wọ́n sínú abọ́ amọ̀ kan tí wọ́n yá láti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, òṣìṣẹ́ ìdìbò kan sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Orúkọ Yancey ló jáde. Ìjókòó yẹn ló jẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ di 51 sí 49, kí wọ́n sì máa darí ilé. Ẹ ro ọkàn ẹni tó sùn lọ́jọ́ ìdìbò ládùúgbò yẹn.

Síbẹ̀, irú ìtàn báyìí kọ́ ló ń mú èèyàn jáde. Onímọ̀ ọrọ̀-ajé kan, Anthony Downs, ti ṣírò rẹ̀ lọ́dún 1957: tó bá jẹ́ èrè nìkan lèèyàn ń wò, àkókò àti wàhálà tí ìdìbò ń gbà ju èrè tí ìbò kan lè mú wá lọ, torí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jáde. Àmọ́ ọ̀kẹ́ àìmọye ń jáde. Ó hàn gbangba pé kì í ṣe ìṣirò ni wọ́n ń ṣe.

Lẹ́tà tó dé Michigan

Kí wá ni? Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, àwọn onímọ̀ òṣèlú mẹ́ta, Alan Gerber, Donald Green àti Christopher Larimer, fi lẹ́tà dán àwọn ará Michigan wò. Ìdìbò abẹ́nú ló wà nílẹ̀, irú èyí tí kì í gbóná. Nǹkan bí agbo ilé ẹgbẹ̀rún 80 ló gba lẹ́tà. Lẹ́tà àwọn kan kàn rán wọn létí pé ojúṣe ọmọ ìlú ni ìbò. Ti àwọn mìíràn kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá àwọn ará ilé náà dìbò nínú àwọn ìdìbò tó ti kọjá. (Àkọsílẹ̀ pé èèyàn dìbò tàbí kò dìbò kì í ṣe àṣírí ní Amẹ́ríkà, ẹni tó dì í fún nìkan ni àṣírí.) Lẹ́tà kan ló le jù nínú wọn: ó to orúkọ àwọn aládùúgbò náà sí i, ó fi ẹni tó dìbò àti ẹni tí kò dì í hàn, ó sì ní lẹ́yìn ìdìbò yìí àwọn á tún fi òmíràn ránṣẹ́ sí gbogbo àdúgbò.

Nínú àwọn tí kò gba lẹ́tà kankan, ìdá 29.7 nínú 100 ló dìbò. Lẹ́tà ojúṣe gbé e dé 31.5. Lẹ́tà aládùúgbò gbé e dé 37.8. Bébà kan ṣoṣo, láìsí owó, láìsí àpò ìrẹsì. Ikú yá ju ẹ̀sín, a mọ̀ ọ́n nílé wa. Ó jọ pé wọ́n mọ̀ ọ́n ní Michigan náà. Inú sì bí ọ̀pọ̀ àwọn tó gbà á, mi ò sì bá wọn wí.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìbò jẹ́ nǹkan tí èèyàn ń ṣe lójú àwọn mìíràn. Ẹni tí ìyàwó ẹ̀ dìbò, tí ọ̀rẹ́ ibi iṣẹ́ ẹ̀ dìbò, tí pásítọ̀ ẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀, á jáde. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ìlú, tó ń dá gbé, tí kò mọ ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tó máa béèrè. Èyí ló sì ṣàlàyé èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Lọ́dún 2020, gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ ètò ìkànìyàn wọn ṣe sọ, nínú 100 ọmọ ọdún 18 sí 24, nǹkan bí 51 ló dìbò. Nínú àwọn ẹni ọdún 65 sí 74, nǹkan bí 76. Àgbà ti ra ilé, ó ti mọ ibùdó ìdìbò ẹ̀, ó ti dì í tó fi mọ́ ọn lára. Àwọn olóṣèlú sì mọ̀ pé àgbà ló ń jáde, wọ́n á máa sọ ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ṣáá, ọ̀dọ́ á gbọ́ ọ, á ní kò kan òun, kò ní jáde, wọ́n á tún sọ ti owó ìfẹ̀yìntì.

Àwọn tó mọ̀ọ́mọ̀ jókòó

Àwọn tó mọ̀ọ́mọ̀ jókòó sílé náà wà, wọn kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Lẹ́yìn ìdìbò 2016, nínú àwọn tó forúkọ sílẹ̀ tí wọn ò dìbò, ìdí tí wọ́n sọ jù ni pé àwọn ò fẹ́ràn àwọn olùdíje tàbí bí ìpolongo ṣe lọ. Ìdá 25 nínú 100 wọn ló sọ bẹ́ẹ̀, ìlọ́po méjì ti ọdún 2012. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà kì í dìbò nítorí ìgbàgbọ́ wọn. W.E.B. Du Bois, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú ńlá nì tó padà kú sí Ghana, kọ ọ́ jáde lọ́dún 1956 pé òun ò ní dìbò ààrẹ, nítorí lójú òun, ẹgbẹ́ burúkú kan náà ni ẹgbẹ́ méjèèjì, orúkọ ló jẹ́ méjì. Èmi ò ní gba ìmọ̀ràn ẹ̀, àmọ́ mi ò lè pe Du Bois ní aláìbìkítà.

Nǹkan mìíràn tún ni pé ìdìbò wọn ti pọ̀ jù. A máa ń rò pé ààrẹ nìkan ni wọ́n ń dìbò yàn. Lọ́dún méjì méjì ni wọ́n ń yan ilé aṣojú-ṣòfin. Wọ́n ń yan gómìnà, adájọ́, ọ̀gá ọlọ́pàá káúntì, ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Ní California lọ́dún 2016, àbá òfin 17 ni wọ́n tún ní kí aráàlú fọwọ́ sí tàbí kí wọ́n kọ̀. Ìwé àlàyé tí ìjọba fi ránṣẹ́ sílé olùdìbò jẹ́ ojú ewé 224. Ta ló fẹ́ kà á? Nínú ìdìbò àárín sáà ti ọdún 2014, tí kò sí ààrẹ nínú ẹ̀, kò tó 37 nínú 100 tó jáde, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ti ìjọba ìlú tún máa ń kéré ju ìyẹn lọ, àfi tí nǹkan bá gbóná. Ní New York, nǹkan bí mílíọ̀nù kan lé díẹ̀ ló dìbò yan olórí ìlú lọ́dún 2021. Lọ́dún 2025, nígbà tí Zohran Mamdani díje, ó kọjá mílíọ̀nù méjì. Ìlú kan náà, òfin kan náà. Àwọn èèyàn rí ohun tí wọ́n ń jà lé lórí, àwọn ọ̀dọ́ sì ń kan ilẹ̀kùn kiri.

Fún àwọn ará wa tó wà níbẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà ní Houston, Chicago, Maryland àti káàkiri. Ẹni tó ní green card kì í ṣe ọmọ ilẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ dìbò ààrẹ tàbí ti ilé aṣòfin àpapọ̀. Àwọn ìlú kéékèèké kan ní Maryland, bíi Takoma Park àti Hyattsville, gba àlejò láyè láti dìbò ti ìlú nìkan, ìyẹn ò sì kan ohunkóhun mìíràn. Ibi tí wàhálà wà ni ọ́fíìsì láísẹ́nsì tí mo sọ lókè. Òṣìṣẹ́ á béèrè bóyá ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ẹni tí kò yé, tó rò pé ara ètò láísẹ́nsì ni, á ní bẹ́ẹ̀ ni, á sì fọwọ́ sí i pé ọmọ ilẹ̀ lòun. Òfin ọdún 1996 sọ pé ẹni tó bá parọ́ pé ọmọ ilẹ̀ lòun, tàbí tó dìbò láìlẹ́tọ̀ọ́, wọ́n lè dá a padà sílé. Fọ́ọ̀mù tí èèyàn fi ń béèrè fún jíjẹ́ ọmọ ilẹ̀ sì máa ń bi í bóyá ó ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò tàbí dìbò rí. Tí ẹ ò bá tíì di ọmọ ilẹ̀, ẹ ní rárá, kí ẹ sì wo bébà tí wọ́n tẹ̀ jáde dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, lọ́yà ni kí ẹ lọ bá, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹni tó bá ti búra, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Níbi ayẹyẹ ìbúra ni wọ́n ti sábà máa ń fún àwọn ọmọ ilẹ̀ tuntun ní fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀. Síbẹ̀, ìwọ̀n àwọn tó ti òkèèrè wá di ọmọ ilẹ̀ tó ń dìbò kéré díẹ̀ sí ti àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ipò kan wà tí ọwọ́ àwọn ọmọ wa ti tó. Esther Agbaje wọ ilé aṣòfin Minnesota láti Minneapolis nínú ìdìbò 2020, lọ́dún kan náà tí Oye Owolewa, ọmọ Òmù-Àrán, di "shadow representative" fún Washington, D.C., ìyẹn aṣojú tí kò ní ìjókòó nílé aṣòfin àpapọ̀. Ẹ yẹ orúkọ yín wò lórí ìwé olùdìbò ìpínlẹ̀ yín ní ó kéré tán oṣù méjì kí ìdìbò tó dé, pàápàá tí ẹ bá ti kó ilé tàbí tí ẹ yí orúkọ padà nítorí ìgbéyàwó. Bí wọ́n bá kọ Ọláwálé sí láísẹ́nsì, tí wọ́n sì kọ Wálé sínú ìwé ìdìbò, kí ẹ tún un ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú.